Sísanra Kòkànwọ́n

Nígbà tí Lukman kọ́kọ́ rí Ọdúnayọ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí i, ó ń fi gbogbo agbára fa okùn ọrùn ajá kan tó tẹ́ sáàárín ọ̀nà bí àpò gàrí tó já bọ́ láti orí ọkọ̀. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn ọmọbìnrin náà, gèlè rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sí èjìká, ajá ò sì mira. Lukman pa ọ̀kadà rẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó wí. “Ìgbà wo ló máa bímọ?”

Ọdúnayọ̀ yíjú padà. Ojú náà le koko, ṣùgbọ́n ó rẹwà débi pé Lukman gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ tẹ̀ lé e.

“Akọ ni,” ọmọbìnrin náà fèsì.

Wọ́n wo ara wọn. Ọdúnayọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Lukman sì gbè é. Kí n má parọ́ fún yín, ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo bí àwọn méjèèjì ṣe ń sọ fún ará Ayétòrò lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ajá lásán ló da àwọn pọ̀, àwàdà ni.

Kòkànwọ́n lorúkọ ajá. Bàbá Akínladé, bàbá Ọdúnayọ̀, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn aládùúgbò tó ń yọjú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa gbọ́ èsì wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Awakọ̀ ni Bàbá. Ọ̀nà Ijoun ló ń ná, ó ń kó èrò wọ ilẹ̀ Benin títí dé Kútọnu, ajá á sì jókòó tì í níwájú ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa, ọkọ̀ wọ abẹ́ igi máńgòrò, kò jáde mọ́. Ṣọ́jà àti kọ́sítọ́ọ̀mù gba ojú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jókòó ní Ayétòrò tó gbádùn ìjókòó rẹ̀. Ọdúnayọ̀ tó jẹ́ télọ̀ á gbé aṣọ sórí ẹ̀rọ, á dìde kó tó rán apá kan tán, á lọ wo ìta, á tún padà. Ó ń ṣe é bíi kó lọ sí Abẹ́òkúta, ó tún ń ṣe é bíi kó dúró. Bàbá nìkan ló ń jókòó sójú kan, ajá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ajá sì ń sanra.

Dókítà ẹran ni Lukman. Ó ń gun ọ̀kadà káàkiri láti Ayétòrò dé Afọ̀n, ó ń tọ́jú ewúrẹ́ àti màlúù. Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó tẹ ìhà Kòkànwọ́n títí, kò rí eegun fọwọ́ kàn. Ó gbọ́ bí ajá náà ṣe ń mí gúlegúle.

“Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín,” ó wí. “Ọkàn rẹ̀ ń ṣe wàhálà jù. Tó bá ń bá a lọ báyìí, ó máa kú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀,” Ọdúnayọ̀ wí. “Màámi ti kú. Ọkọ̀ ti dúró. Tí ajá yìí bá tún lọ, Bàbá mi ò ní lè fara dà á. Ṣé ká má fún un lóúnjẹ mọ́ ni?”

“Rárá o! Tẹ́ ẹ bá febi pa á, àìsàn mìíràn lẹ máa fà sí i lára. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ dín ẹ̀bà rẹ̀ kù, ẹ má fún un ní ọ̀rá rárá. Ẹ se ẹ̀fọ́ àti elégédé fún un, ẹ fi ẹja díẹ̀ sí i, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà. Agolo kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Kó sì máa rìn kí oòrùn tó mú.”

“Ta ló máa mú un rìn? Ṣé ẹ rí ohun tójú mi ń rí báyìí?”

“Èmi náà lè máa yà,” Lukman sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó sì ń yà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fa Kòkànwọ́n gba ọ̀nà Ijoun, wọ́n á rìn díẹ̀, ajá á jókòó, àwọn náà á rí àyè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra àgbàdo, nítorí òṣùwọ̀n ńlá wà níbẹ̀. Lukman á gbá ajá mọ́ra gun un, á tún dá gun un, kí wọ́n lè yọ ìwọ̀n tirẹ̀ kúrò.

“Dókítà, ìwọ gan-an ti sanra sí i,” Ọdúnayọ̀ wí lọ́jọ́ kan.

“Mọ́ínmọ́ín rẹ ni. Àbí ta ló ń gbé e wá fún mi?”

“Alájẹkì! Ẹ̀fọ́ tí ò níyọ̀ ni màá máa sè fún ìwọ náà.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ lo sè é, olólùfẹ́ mi, màá jẹ ẹ́.”

Ọdúnayọ̀ sáré kọjú sí òṣùwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ kà á, kò sì rí nǹkan kan kà. Inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n ajá ò fọn. Ó tún ń wúwo sí i ni. Lukman wo òṣùwọ̀n, ó wo Ọdúnayọ̀.

“Sọ òótọ́ fún mi. O ń fún un lóúnjẹ ní kọ̀rọ̀, àbí? Àánú rẹ̀ ń ṣe ọ́.”

“Èmi? Lukman, èmi lò ń pè ní òpùrọ́?”

“Oúnjẹ ò lè dédé wọ ikùn rẹ̀.”

“Ó dáa. Máa lọ. Máa lọ tọ́jú àwọn màlúù ẹ, àwọn ni ò lè purọ́ fún ẹ.”

Ó lọ lóòótọ́. Kí ariwo ọ̀kadà tó lọ tán ni Ọdúnayọ̀ ti kábàámọ̀, ṣùgbọ́n kò pè é padà. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ẹ̀yìn, ó tú u, ó tún rán an bẹ́ẹ̀. Lukman náà ò gbádùn. Gbogbo ajá tó bá rí lọ́nà Afọ̀n ló ń wo ìhà wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọdúnayọ̀ tètè darí láti ibi tó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ó bá Bàbá lẹ́yìn ilé. Iyán tó gún kó tó jáde wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, Kòkànwọ́n sì ki ẹnu bọ àwo náà. Omi ni Bàbá ń mu. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé okùn ni bàbá òun fi so ṣòkòtò mọ́ ìdí, pé eegun èjìká rẹ̀ ti yọ. Ajá ni gbogbo wọn ti ń wò.

“Bàbá, oúnjẹ yín nìyẹn!”

“Mo ti yó.”

“Kí lẹ jẹ?”

Bàbá gbé ife omi kalẹ̀. “Awakọ̀ Kútọnu ni mí, Ọdúnayọ̀. Tí ajá mi bá rù, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé kò sí mọ́. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń rí i pé ó sanra, wọ́n ń panu mọ́. Èmi tí mo kàn jókòó, tí ọmọ mi ń ránṣọ bọ́, kí ni mo fẹ́ fi iyán ṣe? Fìní, ó ti parí.”

Ọdúnayọ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́nà, ó gun ọ̀kadà, ó wá Lukman lọ síbi tó ti ń gún àwọn ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà Afọ̀n, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

“Jọ̀ọ́, dárí jì mí,” Lukman wí. “Ajá ni mò ń wò. Mi ò wo ẹni tó jókòó tì í.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Akínladé. “Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ Ọdúnayọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kúrò nílé yìí bí ẹ bá ń febi pa ara yín. Oúnjẹ tí ẹ ń fún ajá yẹn ló sì máa pa á.”

Bàbá dìde fùú. “Ta ló sọ pé ebi ń pa mí?”

“Èmi ni,” Ọdúnayọ̀ dáhùn. “Ẹ fi oúnjẹ tí ẹ fi ọkọ̀ wá tọ́ mi dàgbà, mi ò sọ fún yín rí pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kí ló dé tí ẹ ò lè jẹ tèmi?”

Bàbá yíjú síbi tí ajá wà. Ó mú okùn, ó fa ajá rẹ̀, ó jáde lọ. Àwọn méjèèjì dúró, ọkàn wọn ò lélẹ̀. Ọdúnayọ̀ ti ń rò ó pé òun ti ba ayé ara òun jẹ́ nígbà tí Bàbá padà dé, tòun ti ajá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dúró lójúde, níbi tí gbogbo aládùúgbò ti lè gbọ́, ó sì lanu:

“Ọdúnayọ̀, ebi ń pa mí!”

Ó jẹun lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán. Agolo Kòkànwọ́n wà lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni òṣùwọ̀n ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ sì fi dé, ọwọ́ Lukman ti ń kan eegun ìhà ajá náà lábẹ́ awọ. Ibodè ò tíì ṣí. Bàbá ò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Lukman ò lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Ọdúnayọ̀ ò lè sùn.

Láàárọ̀ kan, Bàbá ló mú okùn, àwọn ọmọ méjèèjì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bánjí, aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní àdúgbò náà, ń fọ eyín lójúde.

“Ẹ̀gbọ́n Akínladé! Ajá yín mà ti rù o! Ṣé kò sí ni?”

Ọdúnayọ̀ di apá Lukman mú. Bàbá dúró.

“Ó rù,” ó wí. “Èmi ni mo ń jẹ oúnjẹ mi báyìí. Kí ìwọ náà wá bá mi jẹ ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àna mi bá dé láti ilé Dókítà.”

Ó fa okùn, òun àti ajá rẹ̀ sì ń bá tiwọn lọ, kò bojú wẹ̀yìn wo àwọn méjì tó dúró sójú kan lẹ́yìn rẹ̀.