Gòjé Òyìnbó Tó Ń Dún Létí Rasheedah

Kó, kó, kó. Bàtà lórí pákó ni Mísbáù máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé ní àdúgbò Kotobabi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikọ́ gbígbẹ kan, lẹ́yìn ikọ́ ni gòjé òyìnbó yóò máa ké láti ẹ̀yìn ògiri, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà Olúkúnlé, arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ògiri náà, ló ń ta á. Àwọn tó ń jà nídìí ẹ̀rọ omi pàápàá á rọ ohùn sílẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá Mísbáù ti kó wọn lọ sí àdúgbò Darkuman, kò gbọ́ ọ mọ́, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bàbá arúgbó náà ti kú.

Ní báyìí, Mísbáù ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà ọlidé, òun àti Rasheedah, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ṣì ń gbé ní Kotobabi, ń bá Bùrọ̀dá Àrówólò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fídíò ìgbéyàwó. Kí odindi fídíò tó jáde, wọ́n a kọ́kọ́ fi ìtọ́wò kúkúrú kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Rasheedah ló ń gé àwòrán, Mísbáù ló ń yan orin. Orin òyìnbó àtijọ́ tí kò lọ́rọ̀ nínú ló fẹ́ràn. Nígbà àkọ́kọ́, Àrówólò bi í pé, "Ṣé ìyàwó là ń gbé, àbí òkú là ń sin?" Ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ohùn gòjé ṣe gòkè gẹ́lẹ́ bí ọkọ ṣe ń ṣí ìbòjú ìyàwó, ó nu ojú.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì pa ohùn ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́wò náà. Ẹni tó kọ orin yẹn ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń jà lórí tìyẹn. Àwọn tó ta á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà láàyè, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lò ó. Ẹbí ìyàwó bínú gan-an. Àrówólò ní bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí ìgbéyàwó Habiba tó ń bọ̀, kí àwọn méjèèjì má wulẹ̀ padà wá.

Fún Habiba, orin tí Tíṣà Olúkúnlé máa ń ta ló wá sí Mísbáù lọ́kàn. Ó wá rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tí kò ní í dá ìjà sílẹ̀ títí, kò rí. Ó ráhùn rẹ̀ fún Rasheedah, ó sì sọ ọ̀rọ̀ bàbá náà fún un.

Láti ìgbà náà ni ìwà ọmọbìnrin yìí ti yí padà. Bí Mísbáù bá wọlé, á dojú fóònù dé. Bó bá béèrè ohun tó ń gbọ́, á ní kò sí nǹkan. Ó tún ń tètè kúrò níbi iṣẹ́. Nígbà tó ku ọ̀la kí iṣẹ́ jáde, Mísbáù rọra dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín kan ń jò jáde láti inú íápíìsì rẹ̀. Orin tí òun ti ń wá ni.

Ara Mísbáù gbóná. Ṣé ó ti rí rẹ́kọ́ọ̀dù náà ni, tó wá ń gbé e pamọ́? Ta ló fẹ́ gbé e fún? Ó rántí pé òun rí Rasheedah àti onífídíò kan láti àdúgbò Odawna tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọbìnrin náà sì ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Kò béèrè. Inú ọkọ̀ tròtrò tó ń gbé e lọ sílé ló ti kọ ọ́ sórí wáàsáàpù ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà: "Ẹ ṣọ́ Rasheedah. Ó ti jí orin wa, ó fẹ́ tà á fún ará Odawna."

Kí Mísbáù tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àrówólò ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Rasheedah ò sunkún. Ó ní iṣẹ́ Habiba ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kí bùrọ̀dá kàn gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí Mísbáù.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, o ò tiẹ̀ bi mí."

Ó jáde. Àrówólò tẹ fídíò náà.

Kó, kó, kó. Ikọ́. Gòjé.

Mísbáù dá ikọ́ náà mọ̀. Èyí kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ọjà kankan; Tíṣà ṣì wà láàyè. Nígbà tí orin parí, ohùn arúgbó kan sọ̀rọ̀, nítorí Rasheedah kò tíì gé ìparí rẹ̀ kúrò: "Mo fún yín láṣẹ, ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ṣé ó dá ọ lójú pé Mísbáù ò fura?"

Ohùn Rasheedah dá a lóhùn, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀: "Kò fura rárá, Bàbá. Inú rẹ̀ á dùn."

Àrówólò mú fóònù. Ó pe ará Odawna náà. Ìyẹn ní máìkì ni Rasheedah yá lọ́wọ́ òun. Àrówólò wá gbé kọ́kọ́rọ́ ọmọbìnrin náà sórí tábìlì níwájú Mísbáù, ó sì bọ́ síta.

Mísbáù pe Rasheedah títí, kò gbé e. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí i ní ìkọ̀kọ̀, ó pa á rẹ́. Níwájú gbogbo èèyàn ló ti bà á lórúkọ jẹ́. Ó wá yé e pé ìfura òun kì í ṣe ẹ̀rí, àti pé ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti yanjú gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbi tó ti kọ ti àkọ́kọ́:

"Rasheedah kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, torí mo fura, mi ò sì béèrè. Òun ló lọ wá Tíṣà rí. Bùrọ̀dá Àrówólò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, kí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ tèmi. Rasheedah, mò ń lọ kí Tíṣà ní Kotobabi. Bí o bá fẹ́ ká jọ lọ, màá dúró dè ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Bí o ò bá fẹ́, ìwọ lo jàre."