Ilẹ̀kùn Kẹrin

Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ó jìnnà sí ọkọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ bí ẹni tó fa ajá abunijẹ wá.

"Sípíkà tuntun ni mo fẹ́, nínú ilẹ̀kùn mẹ́ta," ló wí. "Ti ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ má ṣí i. Àmọ́ kí orin náà ròkè gan-an o. Kó ròkè débi pé mi ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́."

Ìyá Aláwọ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun ló ń rán awọ àga ọkọ̀, òun náà ló ń fi aṣọ tuntun bo pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi bo inú ilẹ̀kùn ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń tú pánẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, tó sì máa ń to wáyà. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti jọ ń ṣe é. Ọwọ́-Òwú làwọn oníbàárà ń pe àbúrò náà, torí bó bá tú inú ọkọ̀ palẹ̀ tán tó sì tò ó padà, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láti ọdún tó kọjá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló kù tó ń mú un jáde nílé.

"Kí ló wà nínú ìkẹrin, sà?" Ọwọ́-Òwú béèrè.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. "Tó bá di ọ̀sán, màá padà wá."

Ìyá Aláwọ fi ojú sìn ín títí ó fi yí kọ́nà. "Ẹni tí kò kó nǹkan kan pa mọ́, kí ló ń ti ilẹ̀kùn sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní mẹ́ta, mẹ́ta la máa fún un. Àbí ẹ fẹ́ di ọlọ́pàá ni?"

Ó yọ orí bátìrì kúrò kí iná má baà gbé e, ó sì kúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ìdìmú, ó ti ike pẹlẹbẹ bọ abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, àwọn kílíìpù tó dì í mú sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan: pó, pó, pó. Ilẹ̀kùn kìíní parí. Ìkejì parí. Ìgbà tó kan ìkẹta, ìró náà dáwọ́ dúró.

Ní àkókò yẹn ni Ìyá Aláwọ gbọ́ ikọ́. Ikọ́ gbígbẹ méjì, lẹ́yìn náà ẹni náà ha ọ̀nà ọ̀fun. Ó mọ ikọ́ náà bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

"Ta ló wúkọ́?"

Àbúrò rẹ̀ ti rákò gba inú ọkọ̀ kọjá, ó sì gbé etí lé ilẹ̀kùn kẹrin.

"Ọkùnrin yẹn ti gbé èèyàn pa mọ́!" ni Ìyá Aláwọ wí, ó sì dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ tí làákàyè fi bi í léèrè: inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò gba ọmọ ológbò, èèyàn wo ló fẹ́ gbà?

Ó súnmọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ etí pánẹ́ẹ̀lì náà yíká, wọ́n sì tún fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀. "Má ṣí i," ló wí wẹ́lẹ́. "Mo bẹ̀ ọ́. Ojú ọkùnrin yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Ọwọ́-Òwú ti ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún mọ́kànlá, ó fọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Fóòmù ló kún inú rẹ̀, òwú wà lábẹ́ fóòmù, àpò ìrọ̀rí tí wọ́n ká pọ̀ sì wà lábẹ́ òwú, gbogbo rẹ̀ ń rùn bíi yàrá tí aláìsàn ti pẹ́ sí. Ó fa gbogbo rẹ̀ jáde. Irin lásán ló kù, àti gíláàsì, àti òkùnkùn díẹ̀.

Omijé ti bo ojú rẹ̀. "Ó ń pè mí."

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi. Ó ń pè mí ní Olóríkunkun. Ta ló tún mọ orúkọ yẹn?"

Ìyá Aláwọ fà sẹ́yìn. "Ìyá wa tó ti dolóògbé lèmi ń gbọ́. Wọ́n ń wúkọ́. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ti òwú bọ abẹ́rẹ́."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Nǹkan tó ṣe ìyàwó fún ọ, tó ṣe ìyá fún mi," ló wí, "kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ìyá. Dí i padà!"

Ó gbá òwú mú. Àbúrò rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ péré, ẹ̀gbọ́n mi."

Òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ti dé. Kò bínú pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sí irin náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa nàró, ẹkún ayọ̀ ló ń sun.

"Ó ti kúrò," ló wí. "Ọdún mẹ́rin. Ohùn ọmọ mi ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn òkú nìkan ló máa ń yá lò. Ẹ má bínú sí mi. Tí mo bá ní kí ẹ ṣí i, kò ní lọ. Ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ ṣí i ló máa ń tẹ̀ lé. Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nìyẹn."

"O tàn wá!" Ìyá Aláwọ pariwo.

Kò dúró gba sípíkà. Ó so bátìrì, ó sì wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, tòun ti wáyà tó ń fì níhòòhò lára ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìyá Aláwọ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́-Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa, ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, èyí sì ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́rù ju ikọ́ lọ. Tó bá bi í, a ní òun náà kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, iṣẹ́ tó ń rán an kì í tán: ẹ lọ ra òwú, ẹ lọ wo awọ.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aláwọ lọ ra òwú, ó sì padà dé kíákíá. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra. Nínú, àbúrò rẹ̀ ń sunkún, ohùn obìnrin kan sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Aláwọ mú ọkàn le. Ó ní bó bá ṣe ti ìyàwó ni, òun á dá a mọ̀. Bó bá ṣe ti ìyá àwọn ni, òun á dá a mọ̀.

Kì í ṣe ti ìyàwó. Kì í ṣe ti ìyá. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, torí èèyàn kì í sábà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ìta.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ọwọ́-Òwú ń wí nínú ẹkún, "àárọ̀ yìí la ṣì jọ jẹun. Kí ló pa yín?"

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Ìyá Aláwọ gbé òwú sílẹ̀, ó sì fi etí ti ilẹ̀kùn.