Lẹ́yìn Okùn Pupa Ẹlẹ́yẹlé

Ọkùnrin kan dúró sínú omi dáàmù Ẹlẹ́yẹlé dé àyà, ó so bàtà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi wọ́n kọ́ ọrùn, ó ń tú àwọ̀n kúrò lára òṣíbàtà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tú irun ọmọdé. Oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i léjìká. Ràṣídátù ì bá dúró wò ó dáadáa, bí kì í bá ṣe pé àwọ̀n bàbá rẹ̀ ló ń tú.

"Ìwọ!" ó pariwo látinú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀. "Ta ló rán ọ sídìí àwọ̀n tí o ò bá wọn dẹ?"

"Òfin ni, àǹtí." Ọkùnrin náà ò gbé ohùn sókè. "Láti ibi okùn pupa yìí dé ara ògiri dáàmù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja. Àwọ̀n yín ti kọjá okùn."

"Omi ló gbé e kọjá. Ṣé kí n lọ mú omi ni?"

"Bí ẹ bá rí i mú, ẹ pè mí. Kò gbọ́ràn sí èmi náà lẹ́nu látàárọ̀."

Ràṣídátù ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà lè gbẹ́sẹ̀ lé àwọ̀n yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n ṣe ló ká a dáadáa, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ayọ̀kúnnúmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò Mọ́kọ́lá ni. Àwọn tó ń ṣàkóso omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, torí àwọn èèyàn ń kú sí ìdí ògiri yẹn. Ibẹ̀ ni ẹja ń kóra jọ sí, ibẹ̀ náà ni omi ti ń fani lọ láìkìlọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí Ayọ̀kúnnúmi má yà sídìí ààrò tí Ràṣídátù ti ń yan ẹja àrọ̀ fún àwọn olóúnjẹ Agbowó àti Dùgbẹ̀.

"Ẹja lójoojúmọ́!" Ràṣídátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. "Ológbò mélòó lẹ ń sìn nílé?"

"Mi ò ní ológbò. Àwọn alájọgbé mi ló ń jẹ ẹ́. Èmi kì í jẹ ẹja."

"Kí lẹ wá ń rà á sí?"

"Bí mo bá wá lọ́wọ́ òfo, ṣé ẹ máa ní kí n jókòó?"

Ràṣídátù rẹ́rìn-ín títí èéfín fi kó sí i lójú. "Jókòó, jàre," ó ní. Báyìí ni "ẹ" ṣe di "o" láàárín àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn dé etí Bùsàrí, bàbá Ràṣídátù, kò pariwo. Orí omi yẹn ni wọ́n bí i sí, kí ẹnikẹ́ni tó ta okùn sí i. "Onígbàgbọ́ ni, mo gbọ́," ó ní. "Ìyẹn nìkan ì bá tó kí n kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu wa lo fẹ́ mú wá jẹun nílé mi? Kò ṣeé ṣe."

Òjò ọdún náà pọ̀, ẹja sì wọ́n. Akóredé, àbúrò kan ṣoṣo tí Ràṣídátù ní, ń ti orí omi dé lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti sún mọ́ ìkúnlẹ̀. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ààrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ ẹni yín. Kó kàn máa wo ibòmíràn nígbà tí mo bá kọjá okùn."

Nígbà tí Ràṣídátù sọ ọ́ fún Ayọ̀kúnnúmi, ó mi orí.

"Ràṣí mi, ibẹ̀ ò dára. Omi ń kún sí i."

"Akóredé mọ omi wẹ̀ ju ẹja lọ. Ayọ̀, bí o bá fẹ́ràn mi, má rí àbúrò mi."

Ayọ̀kúnnúmi wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó ní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràṣídátù ń to ẹja sórí iná nígbà tó gbọ́ igbe láti etí omi. Ó sá dé ibẹ̀. Ọkọ̀ Akóredé ti dojú dé lẹ́yìn okùn pupa, Ayọ̀kúnnúmi sì ń mòòkùn wá a, ó ń rì, ó ń yọ, ó ń rì, ó ń yọ, ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan kan. Àwọn apẹja yòókù bá a wá a. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó rí Akóredé nísàlẹ̀ ògiri, àwọ̀n wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹta, Ayọ̀kúnnúmi wọlé wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bùsàrí.

"Bàbá, mo rí i nígbà tó kọjá okùn. Mo sì yíjú."

Bùsàrí dìde, ó fa àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ yọ lára ògiri ilé. "O yíjú? Ṣé ó fún ọ lówó ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló dé, nígbà náà?"

Ayọ̀kúnnúmi tẹ iwájú orí mọ́lẹ̀. Ràṣídátù wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó nà sílẹ̀ dè àjẹ̀. Ó yé e pé ọkùnrin yìí máa kú kó tó dárúkọ òun. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ tì í.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó Akóredé ké bí ẹni tí iná jó. Bùsàrí gbé àjẹ̀ sókè, ó sì tún jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó jókòó. "Ẹ kúrò níwájú mi," ó ní, "ẹ̀yin méjèèjì."

Láti ìgbà náà, kò dárúkọ Ràṣídátù mọ́. Oúnjẹ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá gbé fún un a tutù síbi tó gbé e sí. Ayọ̀kúnnúmi pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ru ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Nígbà mìíràn wọ́n ń pàdé ní Dùgbẹ̀, wọn a sì dúró díẹ̀.

"Wá ẹlòmíràn fẹ́," Ràṣídátù sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Bí o bá ń wojú mi, Akóredé ni wàá máa rí."

"Bí mi ò bá wojú rẹ ńkọ́, ṣé mi ò ní í rí i ni?" Ayọ̀kúnnúmi di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín èrò. "Ràṣí, ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ẹrù ọkàn yìí fún? Ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé."

Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ìyàwó Akóredé ti bímọ, nígbà tí Bùsàrí pe ọmọ rẹ̀.

"Ràṣídátù."

Ó sáré wá kúnlẹ̀. "Bàbá."

"Èmi ni mo kọ́ Akóredé ní ọ̀nà ìdí ògiri yẹn. Ó kéré nígbà náà. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kì í bẹ̀rù ibẹ̀." Ó nu imú rẹ̀. "Mo wá di gbogbo ẹ̀bi náà, mo gbé e rù yín. Mi ò fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá màá fẹ́ràn rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó lè tì ọ́ síwájú kó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ pè é wá."

Kóòtù ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà. Kò sí ìlù, kò sí ìrẹsì. Ìyá Ayọ̀kúnnúmi wá láti Mọ́kọ́lá, Bùsàrí wá láti Ẹlẹ́yẹlé, ìyàwó Akóredé ò wá.

Akọ̀wé kóòtù béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdí tí àwọn méjèèjì ò fi gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Bùsàrí wúkọ́. Gbogbo ojú yí sí i. Ràṣídátù gbá ọwọ́ Ayọ̀kúnnúmi mú, ó dijú.

"Ikọ́ lásán ni," bàbá arúgbó náà sọ. "Ẹ máa bá a lọ."