Ohùn Aránṣọ Lẹ́yìn Ìkélé

Èyí kì í ṣe àlọ́, n kò sì fi kún un ju bí mo ṣe bá a lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì, ìkélé náà ṣì wà níbi tó wà. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ débẹ̀, síbẹ̀ ó ń mì.

Opó kan ni, aránṣọ, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń pè ní Agbaninímọ̀ràn. Aṣọ ni wọ́n ń gbé wá, ọgbọ́n ni wọ́n ń gbé lọ. Ó ta ìkélé dúdú sí igun kan nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó sọ ibẹ̀ di igun ìdánṣọwò. Láti ẹ̀yìn ìkélé yìí ni àwọn oníbàárà ti ń tú ọkàn wọn, tí òun yóò sì jókòó sí ìta ìkélé, tí yóò máa ká etí aṣọ, tí kò ní wo ojú wọn.

“Ojú a máa lé ọ̀rọ̀ padà sínú,” ni ó máa ń wí.

Bí ó bá fẹ́ fèsì, yóò kọ́kọ́ fi eyín gé òwú. Pọ́. Ìmọ̀ràn dé nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó oníbúrẹ́dì sáré wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣé o! Mo ṣe bí ẹ ṣe wí lánàá. Ọkọ mi tó máa ń le bí búrẹ́dì ìjẹta, ó ti rọ̀ bí òwú!”

Ẹnu ya aránṣọ. Lánàá, òun fi obìnrin yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ìkélé, òun lọ ra òwú. Òun kò sọ nǹkan kan. Ó la ẹnu láti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ a máa dùn létí.

“Kò tọ́pẹ́, ìyàwó mi.”

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gba ọpẹ́ ti gba iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, ọpẹ́ ìmọ̀ràn tí kò fún ẹnikẹ́ni kò dáwọ́ dúró. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á fa ìkélé sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì: dígí nìkan ni yóò rí.

Ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń bi í: kí òun gba iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, àbí kí òun dúró? “Dúró tì mí” ló wà lọ́kàn ìyá. Ojú ń tì í láti sọ ọ́.

“Jẹ́ kí n rò ó ná,” ni ó ń wí ṣáá.

Ní ọ̀sán kan tí òjò ṣú, ọmọ náà wá dán aṣọ tuntun wò. Oníbàárà kan ké sí ìyá láti ojú pópó. Ó jáde lọ dá a lóhùn. Nígbà tí ó padà, ìkélé ti ṣí. Aṣọ àtijọ́ ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọmọ kò sí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó dún.

“Màmá, mo ti lọ.”

“Lọ síbo?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà! Ṣebí ẹ ní n má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin fúnra yín.”

“Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀!”

Ẹ̀rín tán. Ohùn ọmọ náà rọlẹ̀.

“Ohun tí ẹ ní ẹ máa wí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ ní bí ẹ bá ti wí i, kí n pa ẹ̀rọ, kí n má tàn án mọ́. Ó dàbọ̀, ìyá mi.”

“Ọmọ mi, dúró tì mí!”

Ẹ̀rọ ti kú.

Ó pè é, ó tún un pè. Òfo. Ó rìn yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Níkẹyìn, ó wọ ẹ̀yìn ìkélé, ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti tọrọ ìmọ̀ràn rí, ó sì fà á dé.

“Mo bẹ̀ ọ́,” ni ó wí. “Báwo ni n ó ṣe rí ọmọ mi?”

Lẹ́yìn náà, àga rẹ̀ ké ní ìta ìkélé, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé e. Òwú já. Pọ́.

Ohùn tirẹ̀ gan-an, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ló dá a lóhùn:

“Jẹ́ kí n rò ó ná.”