Agbádá Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ni Alhaji Israfil ní, yàrá rẹ̀ ló wà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣòfò. Orí mẹ́rìnlélógún ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà, kì í sọ̀kalẹ̀. Ó máa ń fa kọ́tìnì bo fèrèsé kí oòrùn tó mú. Bó bá wọlé, yóò ká ògbólógbòó agbádá kan, yóò fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ta ló ń fi òtútù mi tọrẹ fún ìta?”

Nígbà tó kú, Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ rẹ̀ fún Àfáà Gàfárù tó wẹ òkú rẹ̀. Ó kó agbádá abẹ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́kù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Waliyat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbé Asiyah dé láti Ọ̀yọ́. Ọmọ ogún ọjọ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Nọ́ọ̀sì ti fún un lóògùn, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ooru pa á kún ibà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá Alhaji. Waliyat tẹ éésì sí mẹ́rìndínlógún.

“Kó lè tètè tutù, Màmá.”

“Ìyẹn kọ́ ní í mú un yá, ìyàwó mi. Bàbá yín máa ń…” Mọ̀ríámọ̀ fi aṣọ bo ọmọ lẹ́sẹ̀.

Ọmọ sùn. Waliyat jáde lọ sá aṣọ. Mọ̀ríámọ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Kò tíì fọ ẹsẹ̀ tán tí iná fi lọ. Fáànù pálọ̀ dúró. Ilé pa lọ́lọ́.

Wọ́n sáré lọ gbé ọmọ.

Ilẹ̀kùn kò ṣí. Kò sẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Nǹkan rírọ̀ kan ló há sábẹ́ rẹ̀, láti inú.

“Màmá, ta ló wà níbẹ̀?”

“Ọmọ rẹ nìkan.”

Wọ́n fi èjìká tì í. Ó ṣí. Òtútù jẹ́jẹ́ fẹ́ sí wọn lójú. Éésì ń mí. Iná kò sì tíì dé. Mẹ́rìnlélógún ló ń tàn lójú rẹ̀. Kọ́tìnì tí wọn ò fà ti bo fèrèsé. Mọ̀ríámọ̀ fọwọ́ kan ọmọ. Ibà ti lọ. Ó ń mí.

Agbádá kan wà nílẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ tú u. Ó rí ihò tí áyọ́ọ̀nù òun fúnra rẹ̀ jó sí i lápá, lọ́dún Iléyá kan.

Ó pe Àfáà Gàfárù lórí fóònù ní Ìrẹsà, níbi tó ń gbé.

“Àfáà, ẹ kú ọ̀sán. Agbádá Alhaji tó níhò lápá, ṣé ẹ ti fi tọrẹ ni?”

“Rárá o, Ìyá. Òun ni mo wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ lónìí. Ó ṣì wà lọ́rùn mi. Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan.”

Waliyat ti pọn ọmọ. “Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ báyìí!” Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ figbe ta. Ara ọmọ tún gbóná, ó jó o lẹ́yìn. Ó padà sínú yàrá. Ibà tún lọ, ọmọ dákẹ́.



“Jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì,” ni Mọ̀ríámọ̀ wí. Ó fi agbádá sílẹ̀ níbi tó ti bá a. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.

Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀ tó fi gbọ́ ọ. Aṣọ ń wọ́ nílẹ̀. Ó ń fún ara rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀.

“Waliyat, ìwọ ni?”

Ohùn Waliyat wá láti ọ̀nà jíjìn, lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Mi ò dìde o, Màmá.”