Gbólóhùn Rere Kan fún Ọ̀gá Zuane

"Gbà, tìẹ ni," Zuane wí, ó sì na ẹ̀gbà ọrùn oníyùn sí Orsola.

Zuane ló ń gbẹ́ àjẹ̀ ìtukọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Venice, láyé ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya. Orsola, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé rẹ̀. Faustina, ìyàwó Zuane, ti lọ bẹ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n ya òun àti ọkọ òun, nítorí ó ń fi àjẹ̀ lu òun. Láti ọjọ́ náà, ilé àwọn sístà ni wọ́n tì í mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: obìnrin tó pẹjọ́ ni wọ́n ń tì mọ́lé, ọkọ tó jẹ̀bi a sì máa mu wáìnì kiri àdúgbò.

"Ọ̀gá, mi ò lè purọ́ o," ni Orsola wí. "Mo ti ṣèlérí fún màmá, ìyàwó yín, pé màá sọ ohun tí mo rí níwájú fadá."

"Ta ló ní kó o purọ́? Sọ gbogbo ohun tó o rí. Ṣùgbọ́n ṣé ojoojúmọ́ ni mò ń lu obìnrin yìí ni? Sọ ọ̀kan tó dára mọ́ ọn, kó jẹ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́."

Gbogbo ọmọge àdúgbò ló ní iyùn; ọrùn Orsola nìkan ló ṣófo. Ó gba iyùn náà, ó sì ṣèlérí fún ọ̀gá rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Níwájú fadá tó ń dájọ́, Orsola búra, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sọ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kán Faustina lápá, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ tí òun fọ̀ lára aṣọ.

Fadá mi orí. "Ọkọ lè bá aya rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá ìbáwí."

Inú Orsola dùn. Ó wá rántí ìlérí tó ṣe fún ọ̀gá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Fadá, ọ̀gá mi kì í ṣe ẹranko o. Nígbà Kérésì, ó sunkún, ó bẹ màmá. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n sì jọ sùn."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Lẹ́yìn tó ti kán an lápá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Màmá láàánú gan-an ni."

"Ó parí nìyẹn," ni Fadá wí. "Obìnrin tó padà sórí ibùsùn ọkọ rẹ̀ ti dárí jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dárí jì, a kì í fi pẹjọ́ mọ́."

"Háà! Fadá, níbo ni kó sùn? Ibùsùn kan ṣoṣo ló wà nílé!"

"Ìyẹn kọ́ ni a bi ọ́."

Wọ́n ní kí Faustina padà sílé ọkọ rẹ̀, kí Zuane sì búra pé òun ò ní lù ú ní ìlùkulù mọ́. Ó búra kíákíá.

Orsola ló bá ọ̀gá rẹ̀ lọ mú Faustina wálé. Ojú ti Orsola débi pé kò lè kí Faustina.

"Màmá, òótọ́ ni mo sọ o."

"Mo mọ̀. Wọ́n kà á sí mi létí." Faustina kò bínú, ìyẹn ló dun ọmọ náà jù. "Ṣé o mọ ìdí tí mo fi sùn tì í lọ́jọ́ náà? Ẹ̀rù ló bà mí. O ò bi mí, o kàn lọ sọ ọ́."

Ó wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ nàka sí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo. Ti Orsola yàtọ̀: ọwọ́ rẹ̀ ba méjèèjì, òótọ́ àti iyùn, Faustina ló pòfo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fún yín lẹ́bùn nítorí ẹ̀rí, kódà bó bá ní kí ẹ sọ òótọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí òótọ́ náà yóò gbé lulẹ̀.