Irúgbìn Aláwọ̀ Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ọmọbìnrin kan ń wọn ẹ̀wà sínú àpò ẹni kẹtàdínlógójì. Abúlé kẹfà rèé tí iṣẹ́ ìsìnlú ọlọ́dún kan gbé e dé, kí oúnjẹ ọ̀fẹ́ lè dé ibi tí ọkọ̀ kì í sábà dé. "Olóúnjẹ" ni wọ́n ń pè é níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Nígbà tó pín fún gbogbo wọn tán, ó rí èéfín nílé kan lókè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tibẹ̀ wá gba ẹ̀wà. Akọ̀wé abúlé ní ilé òfìfo ni, pé baálé ibẹ̀ ti kú, orúkọ baálé ni àwọn sì fi ń kọ ilé sínú ìwé.

"Akọ̀wé, ṣé òkú ló ń dáná?"

Akọ̀wé họ orí.

Ọmọbìnrin náà gun òkè lọ. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó ti abọ́ ńlá, ó ń fọ àgbàdo. Omi inú abọ́ náà pupa, ìkòkò sì ti ń hó lórí iná. Ìyá ní ó kù nínú irúgbìn tí ọkọ òun rà fún oko ni. Òun ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bí òun bá tún un fọ̀, á mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é. Àwọ̀ nìkan ni omi ń gbé lọ. Oògùn apakòkòrò ti wọ inú rẹ̀, májèlé ni."

"Ebi ò mọ májèlé, ọmọ mi. Àbí kí n máa mu omi gbígbóná?"

"Ẹ dúró dè mí. N ò ní pẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí." Ṣùgbọ́n ó sọ ìkòkò kalẹ̀.

Ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ padà, ó dúró ti akọ̀wé títí tó fi kọ orúkọ ìyá sílẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Ó wọn ẹ̀wà ti ìyá, ó gbé e gun òkè. Òun àti ìyá gbẹ́ ihò jíjìn, níbi tó jìnnà sí kànga, wọ́n da àgbàdo náà àti omi rẹ̀ sí i, wọ́n bò ó. Kí wọ́n tó dà á, ìyá ní ṣé adìẹ kò lè jẹ ẹ́ ni, kó má ṣòfò. Ọmọbìnrin náà ní rárá, ohun tó pa adìẹ lè pa ẹni tó jẹ adìẹ náà.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa láwọ̀, oko ni kí ẹ gbé e lọ gbìn. Fífọ̀ kò sọ ọ́ di oúnjẹ, sísè kò sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú àpò irúgbìn náà dání. Ẹ̀yin akọ̀wé, orúkọ àwọn tó wà láàyè ni kí ẹ kọ.

Ẹ̀wà ti ń hó lórí iná ìyá.

"Jókòó ká jẹ ẹ́ pọ̀," ni ìyá wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti se oúnjẹ ẹni méjì kẹ́yìn."

Ọmọbìnrin náà ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Ìyá ní kò burú. Ó ṣan ọwọ́, ó gbé òṣùwọ̀n ẹ̀wà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ.